Kùbùsù Tí Mo Fi Dí Ihò Afẹ́fẹ́

Mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra, ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ jókòó lórí òkúta gbígbóná mọ́sálásí yìí, kò sí irọ́ kankan nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń wojú ara yín. Ramzan, mo rí ẹ, má fi ẹ̀wù bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Lóòótọ́, èmi Altaf yìí náà ni mo sọ fún yín lọ́dún tó kọjá pé mo fi ọwọ́ lásán lé béárì jáde nínú oko èso ápù wa. Ó dáa, ajá ni. Àmọ́ ajá náà tóbi. Tòní kì í ṣe ti béárì. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ yìí lẹ fẹ́ jókòó lé ọ̀rọ̀ Zaiba, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi Nisar tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn, bóyá kí ẹ̀gbọ́n mi kọ̀ ọ́ sílẹ̀ tàbí kó gbà á padà, nítorí wọ́n ní ó fi tíì pa àlejò lára. Zaiba ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, ẹ jọ̀ọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbìyànjú láti sọ ọ́, gbogbo ẹni tí mo bá la ẹnu sí á ní, "Altaf tún ti gbé tiẹ̀ dé." Ó ti sú mi.

Ẹ mọ hàmáámù ilé wa, yàrá tá a ti ń yáná nígbà òtútù, bíi ti ibí yìí náà ló rí: iná lábẹ́, òkúta lókè, èéfín á gba inú ògiri jáde sórí òrùlé. Èmi ni mo ń dáná ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ iná dá bíi tèmi láti ibí dé Srinagar. Tí mo bá dáná, yìnyín orí òrùlé ilé kẹta á yọ́. Ó dáa, orí òrùlé tiwa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà nídìí iná gan-an, mi kì í ṣe é. Kí òtútù tó wọlé ni Zaiba ti ń pariwo sí mi létí: "Ọkọ mi kékeré, ẹ ò tíì gbá ihò èéfín yìí o. Òkúta tó là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn náà, ẹ po ẹfun, ẹ fi dí i." Mo ní, "Ìyàwó wa, ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní iná dídá? Iná ń gbọ́ tèmi." Òmùgọ̀ ni mí, mo mọ̀. Ramzan, mi ò ní kó o bá mi sọ ọ́.

Ọjọ́ tí àwọn òbí Masrat wá wò mí bóyá mo tó ọkọ ọmọ wọn, yìnyín ń bọ́ láti àárọ̀. Bàbá Masrat jókòó, ó fọwọ́ kan òkúta, ó ní, "Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tiwa nílé gbóná débi pé ẹsẹ̀ ò ṣeé gbé lé e." Ká ní ó gbá mi létí, ì bá sàn. Mo sáré jáde síbi ẹnu iná. Ihò èéfín ti dí, iná ò fà, igi tí yìnyín ti rin gbindin ni mo tún kó lé e, èéfín sọ mí di olójú pípọ́n. Mo fẹ́ ẹ títí ẹyín iná fi gbilẹ̀, ni mo bá fa ìdérí irin mọ́ ẹnu ihò èéfín kí ooru má bàa jáde. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í dé e àfi tí ẹyín iná bá ti kú, kí afẹ́fẹ́ olóró inú iná má bàa gba ibi tí òkúta ti là wọ yàrá. Zaiba ń gbé tíì kọjá lọ, ó rí mi. Ó ní, "Ọkọ mi kékeré, ẹ má tíì dé e. Iná búlúù ṣì ń jó lórí ẹyín yẹn." Mo ní, "Lọ bu iyọ̀ àti sódà sí tíì ẹ bá a ṣe máa ń ṣe é." Mo wọlé, mo ká kùbùsù, mo sọ pé atẹ́gùn ń wọlé, mo fi dí ihò afẹ́fẹ́ tó wà lókè ògiri. Yàrá gbóná. Bàbá Masrat bọ́ ẹ̀wù òkè, ó ní, "Ọmọ yìí mọ iná." Mo jáde lọ bá àwọn ará ilé kejì kí n lè ròyìn fún wọn.

Ìgbà tí mo padà dé, mi ò gbóhùn ẹnikẹ́ni. Ìyá Masrat di orí mú, ó ń bì. Bàbá Masrat sùn gbalaja. Insha, ọmọ Zaiba, tó máa ń sùn sórí òkúta tó là yẹn nítorí ibẹ̀ ló gbóná jù, la ẹnu sílẹ̀, mo pè é, kò dáhùn.

Ibi tó burú nìyí, ẹ má wojú mi. Mo gun àpótí, mo yọ kùbùsù, mo jù ú sẹ́yìn igi ìdáná. Mo sáré lọ ṣí ìdérí irin. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó pariwo. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó gbé ọmọ. Kùbùsù ni mo kọ́kọ́ gbé.

Atẹ́gùn ìta jí gbogbo wọn. Insha sunkún lórí yìnyín, mi ò gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá Masrat bi wá pé, "Kí lẹ fún wa mu?" Ẹnu mi yìí ló dáhùn: "Àfi tíì. Bóyá sódà ìfọṣọ ni Zaiba bù sí i dípò sódà tíì." Zaiba wò mí, kò bú mi. Ó ní, "Iná ni. Ẹ lọ wo iná." Wọ́n lọ wò ó. Ìdérí ti ṣí, ihò ti ṣí. Nisar ní, "Ṣé o fẹ́ pa ọmọ ẹ ni?" Zaiba gba ilé bàbá ẹ̀ lọ, wọn ò jẹ́ kó mú ọmọ dání. Àràárọ̀ ni Insha ń bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá Altaf, ìgbà wo ni màámi ń bọ̀?" Èmi tí irọ́ ń dà lẹ́nu mi bí omi, tó bá ti bi mí, igi ni mo máa ń lọ là.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ̀ ń dáná nílé, ẹ gbá ihò èéfín kí òtútù tó dé, ẹ má dé iná tó ṣì ń mí. Tí àlejò bá ní òun ń gbọ̀n, ẹ fún un ní kùbùsù kó fi bora. Ẹ forí jì mí.

Nígbà tí mo sọ tèmi tán, Ramzan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Irọ́ ni. Ó kàn ń ṣàánú ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni. Ta ló máa ń fọwọ́ ara ẹ̀ kó ẹ̀bi jọ?" Ni wọ́n bá rẹ́rìn-ín. Mo fi ọwọ́ lu òkúta títí ó fi ta mí.

"Insha ò mu tíì," mo ní. "Iyọ̀ inú ẹ̀ ni kì í jẹ́ kó mu ún. Zaiba sì mu ún nínú ilé ìdáná, láti inú kẹ́tùrù kan náà, kò rí nǹkan kan. Kí ló dé tí ẹnì kankan ò béèrè?"

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Hájì Samad, tó dàgbà jù nínú wọn, nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Ibi tí Nisar jókòó sí láti àárọ̀ ti ṣófo. Bàtà ẹ̀ ti kúrò nílẹ̀.

"Ó ti gba ọ̀nà ilé àna ẹ̀ lọ," Hájì ní. "Altaf, dìde, máa lọ sílé."

"Hájì, ẹ ò gbà mí gbọ́?"

"A gbà ẹ́ gbọ́. Lọ bá ọmọ yẹn. Sọ ọ́ fún un fúnra ẹ kí ìyá ẹ̀ tó dé."

Mo dìde. Mo ti ń wá bàtà mi nígbà tí Ramzan pè mí.

"Altaf, máa lọ sílé. Má sì fi béárì kún un."