Ọkọ Mi Fi Ìwé Ìròyìn Túfọ̀ Bàbá Mi

Ẹ̀yin ènìyàn mi, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń mutí lè rò ó fún ará ilé rẹ̀, wọn yóò sì káàánú rẹ̀. Èmi tí ọkọ mi ń ṣe ìwé ìròyìn ńkọ́, ta ni mo fẹ́ rò ó fún? Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, ti ní òun kò fẹ́ rí ẹsẹ̀ mi ní agbolé wa ní Òwu mọ́.

Lẹ́yìn ogun Hítílà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹni tó mọ̀wé kà l'Abẹ́òkúta ló fẹ́ dá ìwé ìròyìn sílẹ̀. Ọkọ mi, tíṣà tí àwọn ọmọ kíláàsì kì í dá lóhùn, fiṣẹ́ sílẹ̀, òun náà di olóòtú! Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ gbé ògbólógbòó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wá láti Èkó, wọ́n gbé e kalẹ̀ sí yàrá kan ní Igbein, wọ́n pe pásítọ̀, wọ́n pe àlùfáà, wọ́n ń gbàdúrà lé irin lórí. Láti ọjọ́ náà, díẹ̀ ló kù kí ọkọ mi so táì wọ balùwẹ̀. Ìròyìn wo ló sì ní? Ti Èkó ló ń dà kọ, kò sẹ́ni tó ń rà á. Ó ní ohun tí òun ń wá ni ìròyìn tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni bàbá mi dolóògbé. Olóyè ni wọ́n, ẹ sì mọ̀ pé a kì í ṣàdédé pariwo ikú olóyè. Àwọn àgbà ní láti kọ́kọ́ gbọ́, kí wọ́n ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe, kí ẹbí tó túfọ̀. Títí dìgbà yẹn, ara bàbá kò yá ni à ń wí. Mo sunkún délé, ọkọ mi gbá mi mọ́ra, ó ń rọra bi mí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo sọ fún un, àna rẹ̀ ṣáà ni. Mo rò pé ó ń tù mí nínú ni, àṣé iṣẹ́ ló ń ṣe! Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn rẹ̀ ti ń ké ikú bàbá mi kiri títì. Ẹ̀gbọ́n mi wà lóko ní Owódé, ẹnu dẹ́rẹ́bà lọ́rì kan ló ti gbọ́ ọ. Ó dé, kò sunkún, ó kàn wò mí, ó ní, "Ìwọ lo mú òkú bàbá wa fún ọkọ rẹ tà." Ọkọ mi ńkọ́? Ẹ̀rín ló ń rín. "Ìyá Dúpẹ́, ó tà o! Ẹyọ kan kò ṣẹ́kù!" Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Ní báyìí, màmá mi ń ṣàìsàn, wọ́n sì ránṣẹ́ sí mi ní bòókẹ́lẹ́. Láàárọ̀ yìí, kí ọkọ mi tó bi mí bóyá mo jí ire, ó ti ń bèèrè pé, "Màmá ńkọ́?" Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sọ ọ́, bí àna rere. Mo ní ara wọ́n le koko. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nílé ọkọ jù mí lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: bí ọjọ́ ìyá mi bá pé, níbo ni kí n ti sunkún tí ọkọ mi kò ní gbọ́?