Mo Mọ̀ Pé Ebi Ń Pa Wọ́n Nígbà Tí Wọ́n Ní "A Dúpẹ́"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí ìyàwó mi pàápàá kò gbọ́ títí ó fi kú. Mo ti darúgbó, Aké ni mò ń gbé. Ọmọbìnrin kan ń bọ̀ wá bá mi ní Sátidé, n kò sì lè pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra mọ́.

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ayé dùn. Ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbòòrò la ń wọ̀, a rò pé ìwé yóò tún gbogbo nǹkan ṣe. Ọ̀gá mi, olùkọ́ kan níbẹ̀, ń ṣe ìwádìí lórí àwọn àgbẹ̀ abúlé kan lẹ́yìn Kọ́bapẹ́ tí wọ́n pa oko iṣu tì, tí wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ fún títà. Kò gbọ́ Yorùbá, èmi ni ògbufọ̀ rẹ̀. Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹ̀gẹ́ ti mú ayé dẹ̀ wọ́n lọ́rùn. Èmi sì fẹ́ kó gbà mí síṣẹ́.

Òjò kò rọ̀ dáadáa lọ́dún náà. A dé ilé obìnrin kan, Ìyá Rìsí. Ó gbé ẹ̀bà fún mi, mo jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo ọwọ́ mi. Ọ̀gá ní kí n bi í bóyá oúnjẹ ń tó wọn.

"A dúpẹ́," ló wí. "Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí ohun tó ju agbára wa lọ."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà mọ̀. Ta ni nínú wa tó máa sọ fún àlejò pé ebi ń pa òun? Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí. Mo mọ̀ pé ẹni tó ní "a dúpẹ́" lè má tíì dáná láti àárọ̀. Ó yẹ kí n jókòó tì í, kí n gba ọ̀nà mìíràn bi í. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo yíjú sí ọ̀gá, mo ní ó sọ pé oúnjẹ tó wọn, ó tún ń ṣẹ́kù. "Ó tún ń ṣẹ́kù" yẹn, èmi ni mo fi kún un.

Nígbà tí ìjọba fẹ́ pín gàrí àti àgbàdo fún àwọn abúlé tí ebi ń pa, ìwé ìwádìí ọ̀gá mi ni wọ́n tẹ̀ lé. Wọ́n fo abúlé yẹn. Àbíkẹ́yìn Ìyá Rìsí kú kí Iléyá tó dé. Wọ́n ní èéyi ni. Bóyá lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí bí apá ọmọ náà ṣe tín-ín-rín tó lọ́jọ́ tí mo jẹun wọn. Mo sì gba iṣẹ́ náà.

Rìsí ń ta iṣu lẹ́bàá títì ní Kọ́bapẹ́ báyìí. Bó bá rí mi, á kúnlẹ̀.

"Bàbá wa! Ìyá wa máa ń ní ẹ̀yin nìkan ni akọ̀wé tó jẹun wa láì yínmú. Ẹ gba iṣu yìí. Ẹ má bá mi jiyàn o, àgbà kì í bá iṣu jà!"

Mo máa ń gbà á. Bí mo bá sè é, n kì í jẹ ẹ́ tán. Nígbà mìíràn, mo máa ń rí àwọn ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná mi. Ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò.

Ọmọ Rìsí, Mọnsúrátù, ti wọ yunifásítì. Ó ń wádìí ohun tí àwọn abúlé wa ń jẹ láyé ìgbà yẹn. Ìyá rẹ̀ ló ní kó wá bá mi, pé èmi ni mo mọ̀ bí ìyá òun ṣe bọ́ wọn.

N kò fẹ́ parọ́ fún ọmọ náà. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ òtítọ́, Rìsí yóò gbọ́ ohun tí mo ṣe sí àbúrò rẹ̀. Ṣé kí n tètè lọ bá a, kí n dọ̀bálẹ̀ fún un lójú títì? Àbí kí n dákẹ́, kó lè máa rántí ẹnì kan tó ṣe dáadáa sí wọn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi kí ẹ tó gbà mí nímọ̀ràn. Ọjọ́bọ̀ la wà yìí, Mọnsúrátù ń bọ̀ ní Sátidé.