Ohun tí nọ́ọ̀sì ní kí n sọ fún orogún mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣépè fún mi. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà láyà mi. Mi ò lè dákẹ́ mọ́, nítorí Fúnmi, orogún mi, tún ti lóyún.

Ìpótì là ń gbé. Nígbà tí Fúnmi bí àkọ́bí rẹ̀ ní ọsibítù, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Dúpẹ́ ni, Dúpẹ́ sì kéré. Ọmọkùnrin Fúnmi tóbi gan-an. Ìyá ọkọ wa gbé e sókè: "Ọmọ rèé! Ìyá Dúpẹ́, tìrẹ jọ eku tí òjò pa." Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ń jowú nínú ọkàn mi.

Fúnmi sùn, ó ti rẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀sì bá pè mí sẹ́yìn. Ó ní ṣúgà wà nínú ìtọ̀ Fúnmi nígbà oyún, pé títóbi ọmọ náà kì í ṣe ti àlàáfíà, pé ṣúgà ara rẹ̀ lè wálẹ̀ lójijì. Kó máa mu ọmú déédéé láti ìsinsìnyí. Bó bá ń gbọ̀n, ká tètè gbé e padà wá. Ó yé mi dáadáa.

Nílé, ìyá ọkọ wa ní kí wọ́n fún omi ọmú àkọ́kọ́ dànù, nítorí ó pọ́n, kí ọmọ máa mu omi títí wàrà funfun yóò fi dé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn. Èmi ti fún Dúpẹ́ ní omi ọmú àkọ́kọ́ tèmi mu ní kọ̀rọ̀.

Fúnmi wojú mi: "Ìyáálé mi, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ kí ọmọ náà kú. Mo kàn fẹ́ kó rù díẹ̀, kí wọ́n yé pe ọmọ mi ní eku.

Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ ọmọ Fúnmi ń gbọ̀n. Ìyá ọkọ wa ní òtútù ni. Mo dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni gìrì mú un, wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù ńlá ní Àkúrẹ́. Ó yè, ṣùgbọ́n gìrì kò fi í sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kò sì já gaara lẹ́nu rẹ̀ títí di òní. Dúpẹ́ ti ń kàwé.

Nọ́ọ̀sì yẹn ti kúrò nílùú. Èmi nìkan ló mọ̀ nípa ṣúgà náà. Fúnmi ní ọ̀dọ̀ ìyá àgbẹ̀bí lòun fẹ́ bí èyí sí, nítorí ọsibítù kò ṣe òun lóore. Mo ní kó lọ yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Ó bú sẹ́rìn-ín: "Ìyáálé mi, ẹ tún ti ń jowú oyún mi!"

Ẹ jọ̀ọ́, mo gbọ́dọ̀ sọ fún un kó tó bímọ. Ó lè má dárí jì mí láé. Báwo ni ẹnu èèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?