Ilẹ̀kùn Tí Mo Tì Mọ́ Ọpẹ́dayọ̀

Títílọpẹ́ ọmọ mi, láti ìgbà tí o ti sọ fún mi lórí fóònù pé oyún rẹ pé oṣù méje, tí bàtà kò sì wọ ẹsẹ̀ rẹ mọ́, n kò lè fi òtítọ́ yìí pamọ́ mọ́. Kì í ṣe ibà tí mo sọ fún gbogbo yín ni ó pa ẹ̀gbọ́n rẹ Ọpẹ́dayọ̀.

Ní ọjọ́ tí àwọn àna rẹ ti Aiyetoro-Gbede wá tọrọ rẹ, oyún oṣù mẹ́jọ wà nínú ẹ̀gbọ́n rẹ. Ojú rẹ̀ wú, orí ń fọ́ ọ. Mo ní kó lọ dùbúlẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn. Nígbà tí mo gbé omi wọlé fún un, ó ní, "Iye, ta ni ó dúró lẹ́yìn yín?" Mo bojú wẹ̀yìn. Ògiri ni. Ó ní, "Kò ní ojú. Ẹ ní kó má tan iná sí mi mọ́." Ọ̀sán gangan ni, iná kankan kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí sókè, ara rẹ̀ le gbagidi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà pìtìpìtì.

Wárápá ni mo pè é. O mọ̀ bí a ti ń wádìí ìdílé nítorí àrùn náà kí a tó fẹ́ ọmọ níbẹ̀. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn àna ní pálọ̀, tí wọ́n ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyàwó, ṣé o lè gún iyán ṣá?" Mo ki ìborùn mi bọ ọmọ mi lẹ́nu, èmi tí mo bí i, kí wọ́n má baà gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn láti ìta, mo sì lọ jókòó láàrin wọn.

Nọ́ọ̀sì Monica, aládùúgbò wa, rọra bi mí pé, "Iye Ọpẹ́, ọmọ yín dà? Ojú rẹ̀ láàárọ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn."

"Ó ń sùn."

"Ẹ jẹ́ kí n yọjú sí i."

"Jẹ́ kó sinmi, Monica." Mo tún rẹ́rìn-ín sí i.

Ibùsùn ń lu ògiri, kó, kó, kó. A dìde kọrin ọpẹ́. N kò kọrin sókè tó bẹ́ẹ̀ rí. Ní ẹsẹ kẹta, ìró náà dákẹ́. Mo kọ orin náà parí.

Ní oṣù tó kọjá, Monica wá bá ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń mú aboyún mìíràn: iṣan ẹ̀jẹ̀ á fún, ẹ̀jẹ̀ kò ní rìn dé ọpọlọ bó ṣe yẹ, giri á sì gbé e. Ó ní kì í ṣe wárápá, abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà ní ọsibítù. Èmi ni ó ń wò bí ó ti ń sọ ọ́.

Títílọpẹ́, lọ lónìí kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ. Bí wọ́n bá béèrè bóyá irú giri yìí ti ṣe ẹnikẹ́ni rí nínú ìdílé rẹ, sọ gbogbo rẹ̀, má bò mí láṣìírí. Mo tọrọ ìdáríjì. Bí o bá tibẹ̀ dé tí o kò fẹ́ rí ojú mi mọ́, ó tọ́ sí mi. Ṣáà kọ́kọ́ lọ ná, ọmọ mi.