Èmi Ni Wọ́n Ní Ooru Pọ̀ Lára Mi

Ìyá Malti, ẹ jókòó, ẹ má tíì mu omi, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ọmọ yín ń fojú mi rí nínú ilé tí mo fọwọ́ ara mi rẹ́ ògiri ẹ̀. Ó ti gba kọ́kọ́rọ́ yàrá oúnjẹ lọ́wọ́ mi, ó so ó mọ́ etí aṣọ sárì ẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tí ìyá ọkọ mi fi lé mi lọ́wọ́ kí wọ́n tó dákẹ́!

Ṣé ẹ̀yin náà ò mọ̀ pé ọmọ gbígbóná lẹ fi ránṣẹ́ sí wa ni? Kò pẹ́ tó délé tí irorẹ́ sọ lójú ẹ̀, tó tún dá mi lóhùn, pé iyọ̀ tí òun fi sẹ́wà tó. Mo ní ooru ló ń ṣe é. Ta ló sì tọ́jú ẹ̀? Èmi náà ni. Mo gba ata lẹ́nu ẹ̀, mo gba iyọ̀, mo gba aáyù. Omi ejìnrìn láàárọ̀, dongoyaro lálẹ́. Nígbà òtútù tí èéfín ń jáde lẹ́nu èèyàn, mo ń da omi kànga lé e lórí kílẹ̀ tó mọ́, ó ń gbọ̀n, ó ń sunkún, mo ní ooru ló ń jáde yẹn. Ìyá tó bí i á ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ ni? Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn o. Mo fi odò Gángà búra, bí ọmọ inú mi ni mo ṣe é.

Ọdún ń gorí ọdún, kò lóyún. Ṣé èmi kì í ṣe èèyàn ni, tí mi ò ní fẹ́ ọmọ-ọmọ? Mo ránṣẹ́ pe Trilochan oníṣègùn pé kó wá sọ ọ́ lójú Girish ọmọ mi pé ooru ti jó inú ìyàwó ẹ̀ gbẹ, kí Girish lè dá a padà fún yín, kó fẹ́ ẹlòmíì. Bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ ọ́, kí ni mo fẹ́ fi pamọ́?

Bàbá arúgbó yẹn di ọrùn ọwọ́ Malti mú, ó dijú, ó pẹ́. Ó ní ọwọ́ yìí tutù jù, ta ló ń febi pa á, pé ara tó tutù báyìí ò lè gba oyún dúró. Ó ní ká máa fún un ní atalẹ̀, bọ́tà màlúù àti ṣúgà ìrèké. Mo ní irọ́ ni, mo na ọwọ́ tèmi sí i, kó lè mọ bí iṣan èèyàn pẹ̀lẹ́ ṣe ń lù. Ì bá sàn kí ọwọ́ ọ̀hún ti rọ! Kò tiẹ̀ dijú. Ó ní èyí gan-an ló ń hó. Ó ní bí wọn ò bá tètè mú ara mi tutù, ooru á gun orí, màá ya wèrè. Lójú àwọn ará ilé kejì tó ń yọjú lórí ògiri, Ìyá Malti! Èmi tí mo máa ń ṣe jẹ́ẹ́jẹ́ mi.

Girish wá ń béèrè pé ta ló máa mọ ìtọ́jú ọ̀hún ṣe. Malti tí kì í sọ̀rọ̀ níwájú àgbà, ó ká sárì kúrò lójú, ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Gbogbo ẹ̀ ló wà lára mi."

Láti ọjọ́ náà, ẹ wo ahọ́n mi. Máńgòrò aláta tí mo fúnra mi sá sóòrùn, òun ló ń fi í jẹ búrẹ́dì rótì gbígbóná níwájú mi, tó ń lá ìka. Ejìnrìn lèmi ń mu. Ó ń da omi kànga lé mi lórí, bó bá tán, á fi aṣọ nù mí lójú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò bú mi rí. Ká ní ó ń bú mi ni, ì bá sàn. Girish á ní kí n ní sùúrù.

Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Ẹ pè é, ẹ bá a sọ̀rọ̀ bí ìyá, kó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mi. Bí kò bá gbà, kó fún mi ní máńgòrò aláta, ẹyọ kan péré. Kí lẹ ń tú nínú ẹrù yẹn? Dongoyaro? Odidi ìdì dongoyaro tútù, òun ló ránṣẹ́ pé kẹ́ ẹ já a wá? Kò ní dáa fún yín, ẹ̀yin àti ọmọ yín, ojú yín á rí...

Ìró ẹsẹ̀ Malti rèé. Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Malti, ẹ bá mi rẹ́rìn-ín, kó lè rò pé eré là ń ṣe. Bó bá fi gbọ́ pé mo pariwo, á ní ooru ti tún gòkè, á bu ife ejìnrìn kejì fún mi.