Ìwé Tíṣà Tó Di Bébà Ẹ̀pà

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ Ìyá Tawheed ò tilẹ̀ tíì pé ogún ọdún. Mọ́kànlá péré ló lò kí òtítọ́ tó ká a mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ ní K Close, ní Festac, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí bàálù gbé e lọ sí Mẹ́kà. Ẹnikẹ́ni ò fi tipá mú un o. Òun fúnra rẹ̀ ló kó àga síta, tó ránṣẹ́ pe àwọn aládùúgbò, tó sì ní kí wọ́n bá òun pe Tíṣà Ọ̀jẹ̀túndé, kí wọ́n fi àga tó ní tìmùtìmù sílẹ̀ fún un.

Gbogbo wọn rò pé ìdágbére lásán ni. Ẹni tó ń lọ Mẹ́kà a máa bẹ àwọn ará àdúgbò pé kí wọ́n forí ji òun, àwọn náà á ní àwọn ti forí jì í, wọ́n á jẹ bisikíìtì, wọ́n á tú ká. Àmọ́ Alfa Abdulkareem ti sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò jẹ́ kí obìnrin náà gbádùn láti oṣù tó kọjá. Ó ní èyí tí èèyàn bá ṣẹ Ọlọ́run, Ọlọ́run lè fi jì í, ṣùgbọ́n èyí tó bá ṣẹ ọmọ aráyé, àfi kí onítọ̀hún fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti forí jì í.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe jẹ́ fún yín. Ìyá Tawheed ò kàwé. Ọmọ Ìwó ni, inú kọ̀ntéènà onírin kan ló ti ń ta mílíìkì, ọṣẹ àti ẹ̀pà yíyan. Tíṣà ní tirẹ̀ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn tó ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gígùn-gígùn tó ní Q, X tàbí Z nínú. Ó ní àwọn lẹ́tà yẹn ò sí nínú ábídí tiwa, àlejò ni wọ́n, àlejò la sì ń kọ́kọ́ fún lóúnjẹ. Ó kọ wọ́n sínú ìwé ńlá kan pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn ní Yorùbá, òun ló sì fi ń kọ́ àwọn ọmọ K Close lọ́jọ́ Sátidé, lábẹ́ igi fúrúùtù.

"Tíṣà," Ìyá Tawheed bẹ̀rẹ̀, ó ti kúnlẹ̀, "ẹ rántí ìwé yín tí ikán jẹ?"

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ ìwé yẹn," Tíṣà dá a lóhùn. "Ṣé èèyàn ń gbàgbé òkú ni?"

"Ikán kọ́ ló jẹ ẹ́. Èmi ni. Nígbà tí ẹ lọ ṣiṣẹ́ abẹ ojú n'Ìbàdàn, ẹ gbé e fún mi pé kí n bá yín tọ́jú ẹ̀ torí òrùlé yín ń jò. Mo gbé e sórí pẹpẹ, mo bò ó. Ó di Jímọ́ọ̀ kan, èrò ya bò mí, bébà tí mo fi ń di ẹ̀pà tán. Mo wo ìwé yín. Mo ní kí ni Tíṣà fẹ́ fi ojú ewé kan ṣoṣo ṣe? Mo ya á. Bébà náà nípọn, ó rọrùn láti ká. Lọ́jọ́ kejì mo ní ṣebí ọ̀kan ti lọ, kí ni méjì máa ṣe? Ojú kòkòrò èmi náà pọ̀. Kí ẹ tó padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, èèpo ìwé ló kù pẹ̀lú ojú ewé mẹ́ta."



"Ìyẹn kọ́ ló burú jù," Ìyá Tawheed ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Mo lọ sẹ́yìn ògiri Trade Fair, mo wa yẹ̀pẹ̀ ilé ikán sínú ọ̀rá, mo fi pa èèpo ìwé náà. Mo wá gbé e fún yín, mo sunkún. Ẹ̀yin lẹ tún ń rẹ̀ mí lẹ́kún pé ikán ò mọ̀wé. Ẹ fi owó ara yín ra oògùn ikán, ẹ fín in sí ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Mò ń gbé ògì gbígbóná wá fún yín, ẹ ń ṣàdúrà fún mi."

"Mummy Tawheed, ẹ dúró ná." Juliana nìyẹn, ọmọ tó ṣe kékeré rẹ̀ ní K Close, tó ti di lọ́yà báyìí. "Kọ̀ntéènà onírin ni ṣọ́ọ̀bù yín. Ikán wo ló ń jẹ irin?"

Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀. Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Juliana náà ronú díẹ̀, ó ní: "Ṣé bébà ẹ̀pà yẹn, ìwé Tíṣà ni? A máa ń jà lórí ẹ̀ o. Ebi ò ní pa mí, màá ra ẹ̀pà kí n lè rí ọ̀rọ̀ tuntun kà. Dammy tá a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Tíṣà ló kó gbogbo Z lọ."

Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ dun Tíṣà. Nígbà tó ti Ìbàdàn dé tí kò níwèé mọ́, ó bá àwọn ọmọ tó mọ ọ̀rọ̀ tí òun ò tíì kọ́ wọn. Ó rò pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni.

"Mo sọ ọ́ nípàdé àwọn onílé," ó ní, "pé ọpọlọ wọn ti ń sáré ṣáájú ẹ̀kọ́ mi. Mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi ṣe ìjẹ́rìí."

"Mo wà nípàdé yẹn," Ìyá Tawheed dáhùn jẹ́jẹ́. "Mo pàtẹ́wọ́."

Tíṣà dìde, ó wọ ilé rẹ̀ nítòsí ibẹ̀, ó sì tilẹ̀kùn. Ẹ̀rù ba Ìyá Tawheed dé ọkàn. Bí òun bá lọ Mẹ́kà láìgba ìdáríjì, kí lòun fẹ́ sọ níwájú Káábà? Ó yíjú sí àwọn ọmọ tó dúró yí i ká. "Ẹ wò mí dáadáa," ó ní. "Ojú ewé kan ni mo fẹ́ ya. Ojú ewé kan ló ń pe ìkejì."

Ìlẹ̀kùn ṣí. Tíṣà gbé ìwé tuntun jáde pẹ̀lú báírò. Ó jókòó. "Ẹ dìde lórí ìkúnlẹ̀, kẹ́ ẹ ka ìwé tẹ́ ẹ ya yẹn fún mi."

"Tíṣà, mi ò mọ̀wéé kà."

"Mo mọ̀. Àmọ́ ẹ létí, iwájú yín ni wọ́n sì ti ń kà á."

Òótọ́ ni. Kò sí ọmọ tó gba ẹ̀pà nígbà náà tí Ìyá Tawheed ò bi pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn Ìwó jáde. Inquisitive, ọ̀fíntótó. Acquaintance, ojúlùmọ̀. Exaggerate, ká bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ kó kọjá bó ṣe yẹ. Tíṣà wúkọ́ díẹ̀ níbi ìyẹn, ó kọ ọ́. Níbi tó bá ti gbàgbé, Juliana á bá a mú un. Wọ́n pe Dammy lórí fóònù ní Satellite Town, òun náà ń ka Z bọ̀ láìdúró mí. Inú gbogbo K Close dùn débi pé wọn ò rántí bisikíìtì mọ́.

"Ó ku ọ̀kan," Ìyá Tawheed ní. "Relinquish."

"Ìtumọ̀ ẹ̀ ńkọ́?"

"Ohun téèyàn dì mú ṣinṣin tẹ́lẹ̀, kó wá jọ̀wọ́ ẹ̀."

Tíṣà kọ ọ́, ó fa ìlà sí i nídìí. "Ó dáa. Ìwé yẹn, yẹ̀pẹ̀ ikán yẹn, oògùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, mo ti relinquish gbogbo ẹ̀. Mo forí jì yín tọkàntọkàn. Ẹ lọ re, kẹ́ ẹ bọ̀ re."

Ìyá Tawheed sunkún, ti ọ̀tẹ̀ yìí ò ní yẹ̀pẹ̀ nínú. Lẹ́yìn náà ó nujú, ó ní gbogbo wọn gbọ́dọ̀ jẹ ẹ̀pà òun kí wọ́n tó lọ. Ó wọ kọ̀ntéènà, ó gbé ẹ̀pà jáde, ó wá ń wo ọ̀tún wo òsì, ó ń wá ohun tó máa fi dì í. Tíṣà rọra mú ìwé tuntun náà, ó fi sábẹ́ ìdí, ó jókòó lé e.