Àpótí Tí Wọ́n Fi Se Ẹ̀wà

Ó tó gẹ́ẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ bá Zipporah wọ sàréè. Ohun tí ó ti ń gbé mì láti ọdún mọ́kànlá, ọjọ́ Sátidé Àjíǹde ni ó tú u sílẹ̀ lójú àlejò méjìlá, nínú pálọ̀ ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì olóògbé Bàbá Ọlálérè ní Ìgbájọ. Òun ni ó ń tọ́jú ilé náà, òun ni ó ń mú àwọn tó wá wo nǹkan àtijọ́ yí ká: bẹ́ẹ̀dì onírin, aago ara ògiri, àga tí wọ́n fi ìko hun. Kọ́kọ́rọ́ ilé yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀, òun náà ni iyì rẹ̀. Ẹ bá mi wo obìnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, Ìyá Ìjọ pátápátá, tó ń purọ́ fún àlejò tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nígbà tí ilé náà ṣì ṣófo, tí Zipporah kàn ń gbá a, òjò pa igi ìdáná rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí ẹ̀wà wà lórí iná. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí àpótí ìjókòó kékeré kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ló bá là á sí mẹ́rin. Kò mọ̀ pé orí rẹ̀ ni Bàbá Ọlálérè máa ń gbé àwọn ọmọ rẹ̀ jókòó sí láti kọ́ wọn ní ìwé. Kí la tún ń bò? Ó mọ̀. Ebi ló ń pa á.

Lọ́dún kejì, Olúkúnlé, ọmọ-ọmọ Bàbá, ní àwọn fẹ́ sọ ilé náà di ibi tí aráyé yóò máa wá wò. Ó ti kà á nínú ìwé tí Bàbá fi sílẹ̀ pé àpótí òun kò gbọdọ̀ kúrò nílé. Ó pè láti Èkó: "Mà, àpótí aṣọ Bàbá dà?" Èkó ni wọ́n bí Olúkúnlé sí, àpótí tí òun mọ̀ ni èyí tí wọ́n ń kó aṣọ sí. Zipporah fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ó ní, "Ó wà ní yàrá, ọmọ mi." Àpótí aṣọ tí òun fúnra rẹ̀ gbé wọlé ọkọ ni ó nù títí tó fi ń dán, tó sì gbé sí àárín pálọ̀. Kò tíì tó o. Ó gbé e lọ bá Ògúntóyìn káfíńtà ní Ọ̀tan Ayégbajú, pé kó fín orúkọ Bàbá sí i lára. Ògúntóyìn ní, "Ìyá Ìjọ, ṣé kì í ṣe irọ́ la fẹ́ fín yìí?" Ó ní, "Fín in jàre, ta ni yóò mọ̀?" Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ iléèwé ti ń ya fọ́tò nídìí rẹ̀, tí Zipporah sì ń sọ fún wọn pé orí ni Bàbá fi rù ú láti Ìlá Ọ̀ràngún.

Ní Sátidé Àjíǹde, Olúkúnlé mú Mama Sẹ̀gilọlá wá, àbígbẹ̀yìn Bàbá, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ojú wọn kò ríran mọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fọwọ́ kan àpótí Bàbá àwọn. Wọ́n fọwọ́ pa àpótí aṣọ náà, wọ́n mirí. "Èyí kọ́. Àpótí ìjókòó ni mò ń wí. Ẹ gbé e wá, kí n jókòó lé e lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó lọ bá Bàbá mi."

Gbogbo ojú yí sí Zipporah. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó ti jẹ́wọ́. Ó ní, "Ó wà nílé ìdáná, Mà." Ó sáré lọ gbé àpótí tí òun fi ń jókòó bó ẹ̀gúsí, ó fi ìró nù ún, ó sì gbé e sábẹ́ ìyá tí kò ríran. Nínú gbogbo ohun tó ṣe, èyí ló burú jù.

Mama jókòó, inú wọn dùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà. "Ẹni tó tọ́jú nǹkan Bàbá mi, Olúwa yóò tọ́jú tirẹ̀."

"Àmín!"

"Kò ní fọwọ́ ara rẹ̀ ba tara rẹ̀ jẹ́."

"Àmín!"

Zipporah la ẹnu, àmín kò jáde. Obìnrin tí àmín rẹ̀ máa ń ròkè jù ní ṣọ́ọ̀ṣì! Mama dá àdúrà dúró. "Zipporah, n kò gbọ́ àmín tìrẹ."

Ló bá kúnlẹ̀ gbì. "Ẹ dárí jì mí, Mà. Mo ti fi àpótí Bàbá dáná. Ti ẹ̀gúsí lẹ jókòó lé yìí. Àpótí aṣọ tí mo gbé wọlé ọkọ ló wà láàárín ilé yẹn, èmi ni mo ní kí wọ́n fín orúkọ sí i."

Olúkúnlé na ọwọ́ pé kó kó kọ́kọ́rọ́ wá. Zipporah bẹ̀rẹ̀ sí í tú u kúrò létí ìró.

Mama ní, "Kí lo fi sè?"

"Ẹ̀wà, Mà."

"Ṣé ó jinná?"

"Ó jinná, Mà."

Ẹ̀rín gbé ìyá àgbà títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Àpótí yẹn! Ó sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó máa ń gún mi nídìí bí mo bá ń kàwé. Ó kúkú ṣoore kan kó tó lọ. Olúkúnlé, fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ìwọ Zipporah, ẹnikẹ́ni tó bá wọ ilé yìí, ẹnu ara rẹ ni kí o fi sọ ọ́ fún un."

Ó sì ń sọ ọ́. Àwọn èèyàn ń wá láti Òkè-Ìlá láti gbọ́ ọ. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ wo bẹ́ẹ̀dì onírin mọ́. Bó bá parí, á kọjú sí àwọn ọ̀dọ́: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ forí jì mí. Igi tí ẹ kò bá mọ ìtàn rẹ̀, ẹ béèrè kí ẹ tó mú àáké." Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ iléèwé kan bi í bóyá ẹ̀wà náà dùn.

"Ó dùn ju gbogbo ẹ̀wà lọ," ni Zipporah wí. Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Irọ́ ni mo tún pa yẹn o. Ó jóná."